Lójú Ọ̀nà Milledgeville

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù tí a fi jáde nílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Stone Mountain, lẹ́yìn odi Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Oorun ṣì kún ojú mi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná, iṣẹ́ wo ló le tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní, "Ìwọ ṣáà wọ ṣòkòtò rẹ. Ẹnìkan wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí kò lè yí ẹ̀gbẹ́ padà títí mo fi máa dé." Mo wọ ṣòkòtò mi.

Nígbà tí a dé iwájú ilé kan ní Decatur, wọn kò kanlẹ̀kùn. Fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ yọ. Wọ́n tẹ nǹkan kan lójú rẹ̀, fóònù náà rò ó díẹ̀, ó wá gbà pé ibi tó yẹ kí wọ́n wà ni wọ́n wà lóòótọ́. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2016 ló bí èyí: ẹni tó bá ń gba owó Medicaid láti tọ́jú ènìyàn nínú ilé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ̀rọ jẹ́rìí sí ibi tó wà, ìgbà tó dé àti ìgbà tó lọ. "Ọlọ́run lókè, fóònù nísàlẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, wọ́n sì ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn.

Ọkùnrin tó ni ilé náà ti jí. Ọjọ́ orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Iṣẹ́ òrùlé ló ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó já láti orí òrùlé ilé kan nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ọrùn rẹ̀ kán. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Apá rẹ̀ ṣì ń gbéra díẹ̀, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò lè dì mọ́ ṣíbí. Ó ní kí n wọlé, kí n má dúró lẹ́nu ọ̀nà bí agbowó-orí.

Mo lọ jókòó sí kíṣìnì nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, nítorí ìwẹ̀ àgbàlagbà kì í ṣe ohun ìwòran. Etí ni mo fi ń tẹ̀ lé e. Mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ tó gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì sórí àga ìwẹ̀. Mo gbọ́ omi. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́ jù: omi gbóná jù, ẹ dín in kù, ẹ tún bu omi sẹ́yìn mi, rárá, ẹ̀wù àná kọ́, èyí tó ní ìlà pupa. Ó ń pàṣẹ bí baálé. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ tíṣà fún ọdún mẹ́tàdínlógún ní Abẹ́òkúta, tí ọmọ méjìlélógójì kì í mí nínú kíláàsì wọn, ń dáhùn pé "ó dáa, ọ̀gá mi".

Nígbà tó jáde lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ìlà pupa ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó rí i pé mò ń wo kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé àwọn ẹ̀wù kọ́ sí, àwọ̀ oríṣiríṣi. Ó ní ọdún mẹ́fà ni òun lò nínú nọ́ọ̀sìn hóòmù kan lẹ́yìn tí òun já, àárín àwọn arúgbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Gbogbo aṣọ ni wọ́n ń kó pọ̀ fọ̀ níbẹ̀. Èyí tó bá padà bọ̀ láti ilé ìfọṣọ ni wọ́n ń wọ̀ fún un, tirẹ̀ ni o, ti ẹlòmíì ni o. Lọ́jọ́ kan wọ́n wọ ẹ̀wù ọkùnrin kan tó ti kú fún un. Ó mọ ẹ̀wù náà dáadáa. Ọkùnrin yẹn àti òun ni wọ́n jọ ń wo bọ́ọ̀lù.

Ohun tó gbé e kúrò níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní wéfà.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò dáadáa. Medicaid ni ètò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ jọ ń náwó sí fún àwọn tí apá wọn kò ká owó dókítà, àti fún ọ̀pọ̀ àwọn akàndá. Láti 1965 ló ti wà. Ní Georgia, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta owó náà ni ìjọba àpapọ̀ ń dá. Òfin rẹ̀ kàn án nípá pé gbogbo ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ sanwó nọ́ọ̀sìn hóòmù fún ẹni tó bá yẹ. Wọn kò fi irú dandan bẹ́ẹ̀ sí ti ẹni tó bá fẹ́ dúró sílé. Ní 1981 ni wọ́n tó fi àyè sílẹ̀ pé ìpínlẹ̀ tó bá wù lè kọ̀wé sí ìjọba àpapọ̀ pé kí wọ́n fojú fo apá kan òfin náà, kí owó tí wọn ìbá kó fún nọ́ọ̀sìn hóòmù lè bá aláìsàn lọ sílé rẹ̀, bí ìnáwó ilé kò bá ṣáà ti ju ti ọ̀hún lọ. Ìfojúfò yẹn ni wéfà. Nọ́ọ̀sìn hóòmù ni ẹ̀tọ́. Ilé ẹni ni àyọ̀ǹda. Mo bi ọ̀gá ẹ̀gbọ́n mi bóyá mo gbọ́ ọ yé. Ó ní mo gbọ́ ọ yé ju àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó kọ́kọ́ bá òun sọ̀rọ̀ lọ.

Ọmọdébìnrin kan ni wọ́n máa ń ti ìdí rẹ̀ sọ ìtàn yìí. Katie Beckett, ará ìpínlẹ̀ Iowa, ni àrùn ọpọlọ kọlù kó tó pé ọmọ ọdún kan, tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Medicaid ń sanwó fún un níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà ní ọsibítù. Bí àwọn òbí rẹ̀ bá gbé e lọ sílé, níbi tí ìtọ́jú rẹ̀ ti máa dínwó púpọ̀, owó náà máa dúró. Ààrẹ Reagan, tí kì í fẹ́ kí ìjọba náwó, gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ náà sì bí i nínú. Ó sọ ọ́ ní gbangba ní oṣù Kọkànlá 1981, ọmọ náà sì dé ilé ṣáájú Kérésìmesì. Ó dàgbà di obìnrin, ó ń gbèjà àwọn akàndá bíi tirẹ̀, kó tó kú ní 2012 lẹ́ni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Wéfà ti ọ̀gá ẹ̀gbọ́n mi wà fún àwọn tí ara wọn kọṣẹ́ tàbí tí orí wọn fara gbọgbẹ́, láti ọmọ ọdún mọ́kànlélógún dé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Wọ́n ka iye wákàtí tó yẹ kí ènìyàn fi wà pẹ̀lú rẹ̀ lóòjọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì yan ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn mẹ́ta ló ti lé lọ ṣáájú wọn. Ọ̀kan ń pẹ́. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà tó ń fún un lóúnjẹ. Ẹ̀kẹta, ó ní, kò ṣe nǹkan kan tó burú, wọn kò kàn mọwọ́ ara wọn ni. Ní nọ́ọ̀sìn hóòmù, ta ló máa lé ta?

Nílé wa, a máa ń fi iṣẹ́ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. "Lágbájá tó ní òun wà lókè òkun, ìdí ló ń nù." Èmi náà ti rẹ́rìn-ín irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí níbi ìnáwó, mo jẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò jiyàn. Wọ́n ní ìdí ni àwọn ń nù lóòótọ́, dọ́là mẹ́tàlá fún wákàtí kan, ilé tí a sì ti ń ṣe ìnáwó náà, àwọn ni wọ́n fi owó ìdínù kàn án lórùlé.

Lọ́jọ́ kejì, lójú ọ̀nà ọjà, wọ́n fi ọsibítù ìjọba tó wà ní Panthersville Road hàn mí. Ibẹ̀ ni Lois Curtis àti Elaine Wilson wà nígbà kan, obìnrin méjì tí àìsàn ọpọlọ bá jà, tí òye wọn kò sì yára bíi ti ẹgbẹ́ wọn. Àwọn dókítà wọn ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n lè máa gbé láàárín ìlú bí ẹni tó máa ràn wọ́n lọ́wọ́ bá wà. Ìpínlẹ̀ kò wá ẹni náà. Curtis kò yé pe àwọn lọ́yà tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún aláìní ní Atlanta, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi wọ́n: ìgbà wo lòun máa kúrò níhìn-ín? Ní 1995 wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù. Ọ̀gbẹ́ni Olmstead, tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà nígbà náà, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ẹjọ́. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹfà 1999 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a, Adájọ́ Ruth Bader Ginsburg ló kọ ìdájọ́ náà: láti há ènìyàn mọ́ inú ọsibítù láìnídìí, nígbà tí àwọn dókítà ti gbà pé ó lè gbé láàárín ìlú, tí òun náà sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyàsọ́tọ̀ tí òfin akàndá ti 1990 kọ̀ ni.

Curtis di ayàwòrán. Ní 2011 ó wọ ilé ààrẹ lọ, ó fún Obama ní àwòrán kan. Ó kú ní 2022 nínú ilé rẹ̀ ní Clarkston, ìlú tí kò jìnnà sí ilé ẹ̀gbọ́n mi rárá. Wọn kò mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jọ ra ata ní ọjà kan náà.

Àmọ́ ìdájọ́ kò pa ìlà rẹ́. Nítorí àyọ̀ǹda ni wéfà, ìpínlẹ̀ láṣẹ láti ka iye ènìyàn tó máa wọlé. Àwọn yòókù, kí wọ́n tò sẹ́yìn. Ní 2024, àwọn tó wà lórí ìlà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà lé ní 700,000. Obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbọ́n mi tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kò lè sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọmọ náà nígbà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti pé ogún ọdún báyìí, irùngbọ̀n ti hù sí i lẹ́nu, ìyá rẹ̀ kò sì lè gbé e mọ́. Lọ́dọọdún ni lẹ́tà ń dé tó ń bi í bóyá ó ṣì fẹ́ wà lórí ìlà.

Ọ̀gá ẹ̀gbọ́n mi ló rán wa lọ sí Milledgeville. Nígbà tó gbọ́ pé Sátidé ni wọn kì í ṣiṣẹ́, ó ní bí a kò bá ní ibi gúnmọ́ tí a ń lọ, kí a bá òun ya fọ́tò kan wá. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ sí ọsibítù àwọn aláìsàn ọpọlọ tó wà níbẹ̀ ní nǹkan bí 1955, kò sì padà wálé. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òun bá ya pòkíì nígbà tí òun wà ní kékeré, ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba òun ni pé, "Mo máa rán ẹ lọ sí Milledgeville." Gbogbo ọmọ Georgia ló gbọ́ gbólóhùn yẹn dàgbà, dúdú àti funfun.

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n wò mí. Ọmọ Abẹ́òkúta ni wá. "Wọ́n máa gbé ẹ lọ sí Aró," ọsibítù àwọn aláìsàn ọpọlọ ìlú wa, ni tiwa.

Wákàtí méjì ni ọ̀nà náà. A gba márosẹ̀ ìlà-oòrùn, a yà sí gúúsù, igi páìnì lọ́tùn-ún lósì títí ó fi sú mi. Ní Eatonton, níbi tí wọ́n ti bí òǹkọ̀wé Alice Walker, ère ehoro kan wà níwájú kóòtù. Ehoro inú àlọ́ ni, èyí tí àwọn ẹrú gbé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ẹranko ilẹ̀ Áfíríkà wọ̀ lára. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjàpá ni, ó kàn yá etí lò ni.

Ọsibítù tó wà ní Milledgeville bẹ̀rẹ̀ ní 1842, nígbà tí ìlú náà ṣì jẹ́ olú-ìlú Georgia. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1960, aláìsàn ibẹ̀ ti ń lọ sí 12,000. Ìlú ńlá ni, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Aláwọ̀ dúdú lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀, ìyà sì wà fún gbogbo wọn. Ní 1959 ni akọ̀ròyìn Jack Nelson ti ìwé ìròyìn Atlanta Constitution tú àṣírí ibẹ̀, títí kan nọ́ọ̀sì tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ tó yẹ dókítà. Ó gba ẹ̀bùn Pulitzer fún un lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Báyìí, bíríkì pupa tó ń wó ni púpọ̀ ibẹ̀. Ìtàkùn ti gba ojú fèrèsé wọlé. Igi pekánì pọ̀, èso rẹ̀ ń já sórí koríko, kò sẹ́ni tó ń ṣà á. Ilé ńlá kan wà láàárín tí òpó funfun gbé iwájú rẹ̀ dúró bí ààfin, a sì dúró lẹ́yìn okùn tí wọ́n ta yí ilé mìíràn ká pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ka fèrèsé ilé kan ṣoṣo, wọ́n ṣì í kà, wọ́n fi í sílẹ̀.

Itẹ́ òkú ni a wá. Nǹkan bí 25,000 ènìyàn ni wọ́n sin sí ilẹ̀ ọsibítù yẹn. Wọn kò kọ orúkọ. Irin kúkúrú tó ní nọ́ńbà lára ni wọ́n rì sórí sàréè kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, àwọn tó ń gé koríko rí i pé irin náà ń dí ẹ̀rọ lọ́wọ́, wọ́n bá ń fà á tu, wọ́n ń kó o jù. Àwọn kan tí àwọn náà ti gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ rí ló wá rí i lẹ́yìn ọdún pípẹ́, wọ́n ní èyí kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣa nǹkan bí 2,000 irin, wọ́n tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ. Sàréè kò sí lábẹ́ wọn mọ́. Nọ́ńbà ń bẹ, ibi tí ẹni tó ni ín wà kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Mo ya fọ́tò. Ẹ̀gbọ́n mi ń rìn láàárín irin, wọ́n ń ka nọ́ńbà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni ń pe ọmọ kíláàsì. Wọ́n ní, "Àti pé Aró tí a fi ń bú ara wa yìí, ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí?"

Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọdún 1954, nígbà tí Milledgeville ń kún, ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlú Ọba dé, bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní Aró. Kò ti aláìsàn mọ́lé. Ó ní kí aláìsàn mú ẹbí kan dání, ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, kí wọ́n lọ gbàyè sínú ilé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó yí ọsibítù ká. Láàárọ̀ wọ́n lọ gba abẹ́rẹ́ àti oògùn. Lálẹ́ wọ́n jókòó síwájú ilé pẹ̀lú àwọn ará abúlé, wọ́n jọ jẹun. Àwọn onílé ń gbowó ilé, wọ́n tilẹ̀ rí owó yá láti fi kún yàrá wọn. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà kò jìnnà. Lámbò kò lé wọn. Àwọn ẹni ńlá láti òkè òkun wá wò ó, òun fúnra rẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé. Ó jẹ́ ohun tó ń dùn mí pé orúkọ tí a mú kúrò nínú gbogbo èyí ni èébú. Ọ̀gá ẹ̀gbọ́n mi gba ìyá tó fi Milledgeville dẹ́rù bà á gbọ́, ẹ̀rí ìyá náà sì wà nílẹ̀. Kí ni ẹ̀rí tiwa?

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi rí ohun tí n kò rí. "Ẹbí tó tẹ̀ lé aláìsàn lọ sí abúlé yẹn," wọ́n ní, "ta ló ń san owó tirẹ̀?" Kò sẹ́ni. Ìyá ni. Obìnrin ni, nígbà púpọ̀. Ó fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ó ń dáná, ó ń fọṣọ, ó ń tẹ̀ lé ọmọ káàkiri, oṣù ń yí lu oṣù. Gbogbo ètò náà dúró lórí ọwọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ka wákàtí rẹ̀. Ní Nàìjíríà òní náà, òfin tó dáàbò bo àwọn akàndá ti wà, ààrẹ bu ọwọ́ lù ú ní oṣù Kìn-ín-ní 2019. Òfin náà sọ̀rọ̀ nípa ilé ìjọba tí kẹ̀kẹ́ lè wọ̀, nípa iṣẹ́, nípa kí a má yà wọ́n sọ́tọ̀. Ta ni yóò wá bá mi wẹ ìyá mi láàárọ̀, òfin kò bá wa dé ibẹ̀.

Màmá wa pè nígbà tí a dúró jẹun ní Eatonton. Aago kan ọ̀sán ni tiwa, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní Abẹ́òkúta. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú apá òsì wọn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Obìnrin ará Ìgbóọrà kan ló ń gbé pẹ̀lú wọn, tó fi ọmọ tirẹ̀ méjì sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìgbóọrà. Owó tí ẹ̀gbọ́n mi ń fi ọjọ́ kan gbà ni òun ń fi oṣù kan gbà. Òun ló di fóònù mú sójú Màmá. A rí àtàǹpàkò rẹ̀ létí àwòrán.

Màmá bèèrè ibi tí a wà. A ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Ọkùnrin tó rán yín níṣẹ́ yẹn, kò bímọ ni?"

"Ó bí, Màmá. Ọmọbìnrin kan. Texas ló wà."

"Kí ló wá dé tí kò wá tọ́jú bàbá rẹ̀?"

"Ó níṣẹ́ níbẹ̀ ni, Màmá."

Màmá ní hùn-ún. Wọ́n bi mí bóyá mo ń jẹun. Wọ́n wá ní kí ẹ̀gbọ́n mi má gbàgbé o, òpin oṣù ti tó, owó ẹni tó ń wẹ̀ wọ́n.

A dé Decatur ní aago márùn-ún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń wá ní Sátidé ti lọ, ti alẹ́ kò tíì dé. Wákàtí kan àbọ̀ wà láàárín wọn tí ìjọba kò kà. Ọ̀gá ẹ̀gbọ́n mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀. Mo di fóònù mi mú síwájú rẹ̀. Ó wo fọ́tò náà pẹ́. Ó ní kí n fà á tóbi. Ó ní kí n sún un sápá òsì. Ó ka irin mélòó kan, ètè rẹ̀ ń mì.

"Èwo nínú wọn?"

Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀.

Ó ní kí n fi ránṣẹ́ sí òun, kí n tún fi ránṣẹ́ sí ọmọ òun ní Texas. Ó pe nọ́ńbà ọmọ náà lórí, mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà náà ló ní ẹ̀yìn ń dun òun láti ọ̀sán, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ti ká sábẹ́ òun. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bàtà, wọ́n ká ọwọ́ ẹ̀wù wọn, wọ́n ki ọwọ́ kan sábẹ́ èjìká rẹ̀, ọ̀kan sábẹ́ ìtàn. "Ọ̀kan, èjì," ni ọkùnrin náà kà, wọ́n sì yí i. Fóònù wọn wà nínú mọ́tò.